Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ejò olóró bá wà nítòsí ilé

Orúkọ paramọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ìwà ejò náà fún wa, nítorí pé ṣe ni ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ejò ni yóò ti sá lọ kí ẹsẹ̀ wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ yóò dákẹ́ síbi tí ó wà láàárín ewé gbígbẹ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì eèpo kòkó tí àwọ̀ rẹ̀ bá mu, títí ẹni tí kò rí i yóò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn, pé ejò wá bá ẹnì kan nílé, mo máa ń béèrè ohun tí ẹni náà wọ̀ sẹ́sẹ̀ àti ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbà ni pé ó kàn fẹ́ jáde lọ tọ̀ ni, kò sì ní pẹ́ tí yóò padà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná rẹ̀ sì ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni iná náà ń tàn sí, kì í ṣe ilẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a máa lépa ejò, kí a sì fi eku sílẹ̀. Eku ni ejò ń wá. Ibi tí a bá da àgbàdo sí ní gbangba, tí oúnjẹ adìẹ sì ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ni eku yóò kóra jọ sí, ejò yóò sì tẹ̀ lé e. Nílùú wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé, òkìtì búlọ́ọ̀kù lè wà lójú kan fún ọdún mẹ́ta, kí páànù àtijọ́ gorí rẹ̀, kí koríko sì bò ó mọ́lẹ̀. Ibùgbé tí ejò ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ mú igi ìdáná, kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Igi gígùn ni kí ó kọ́kọ́ fi yí i padà, kí ó sì ti wọ bàtà rọ́bà gígùn sẹ́sẹ̀.

Dípò iṣẹ́ yìí, ohun tí a fẹ́ràn ni kí a ju orógbó sí igun ilé, kí a da kẹrosíìnì yí ògiri ká, tàbí kí a bu iyọ̀ àti imí ọjọ́ sẹ́nu ọ̀nà. N kò bá orógbó jà, mo máa ń jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń lé ejò. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti fi í sílé kò ní ronú àtidí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn mọ́.

Bí ejò bá ti wọ yàrá, kí gbogbo ilé má ṣe dà bò ó pẹ̀lú pọ́ńpọ́. Sèbé a máa tu oró láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ènìyàn gan-an ni ó sì máa ń dojú rẹ̀ kọ. Kí àwọn ọmọdé àti ajá jáde, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ pe ọdẹ tàbí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mú. Bí oró bá ti ta sí ẹnì kan lójú, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra á, kí ẹnikẹ́ni má sì kán kẹrosíìnì, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Omi tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ejò tí a ti pa pàápàá kò ṣeé fọwọ́ gbé, nítorí pé orí tí a ti gé kúrò lára rẹ̀ ṣì lè bu ènìyàn jẹ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ejò bá ti buni jẹ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ejò bù jẹ lẹ́sẹ̀ lóko kòkó. Kí wọ́n tó kúrò lóko, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ti ya etí aṣọ, wọ́n ti fi so abẹ́ orúnkún wọn pinpin. Nígbà tí aṣọ náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà kún un. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Rọ́bà náà ti wọ inú ẹran, ẹsẹ̀ ti wú bò ó, débi pé ìka ni nọ́ọ̀sì fi ń wá etí rẹ̀ kí ó tó rí ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà wọlé. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gé. Oró ejò ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wa láìfi bò pé ẹ̀jẹ̀ tí a dí lọ́nà láti ọ̀sán ni ó pa àwọn ìka náà.

Oró paramọ́lẹ̀ a máa ba ẹran ara jẹ, okùn tí a bá so sì ń há a mọ́ ojú kan ni. Ẹran ara tí ń ṣiṣẹ́ bí a bá ń rìn ni ó ń ti oró káàkiri. Nítorí náà, kí ẹni tí ejò bù jẹ má ṣe sáré, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ rìn bí a bá lè gbé e. Kí a di igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ náà láìfún un kí ó má bàa máa tẹ̀, kí a sì bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò kí ó tó wú. Bí àwọn kan bá ti so okùn pinpin kí a tó dé, kí a má ṣe já a lójijì lójú ọ̀nà. Kí a jẹ́ kí dókítà tú u níbi tí oògùn wà.

Sísín gbẹ́rẹ́ sójú egbò náà burú, nítorí pé oró irú ejò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbẹ́rẹ́ kékeré a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí kẹ́mísì gún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ sí ìdí, tàbí kí ẹni náà lo aspirin. Fífi ẹnu fa oró, òkúta dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò, kẹrosíìnì mímu àti ògógóró kò ní àǹfààní kankan.

Ẹnìkan yóò wí pé òun rí ẹni tí ewé wò sàn. Mo gbà pé ó rí i. Ejò mìíràn lè bu ènìyàn jẹ láìtu oró sí i lára rárá, ejò tí kò lóró sì pọ̀ nínú igbó wa. Ẹni tí irú wọn bù jẹ yóò sàn bí ó tilẹ̀ jẹ́ omi lásán ni a fún un. Onísègùn ni yóò gba ìyìn, ìyìn náà ni yóò sì dá ẹni tí oró ti wọ̀ lára dúró nílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í pe orúkọ ejò lóru, okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí nínú ilé, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé e dé iwájú nọ́ọ̀sì. Kí a sọ pé ejò ni, kí a sọ aago tí ó bù ú jẹ àti ohun tí a ti fi sí i. Bí ẹnì kan bá ti ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, kí ó mú un wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sínú igbó lọ wá a.

Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò kún àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní i, oògùn náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, ń ṣiṣẹ́ fún oró paramọ́lẹ̀ àti ti sèbé tí ń tutọ́. EchiTAb-G jẹ́ ti ejò kékeré kan tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà àríwá Nàìjíríà. Nítorí náà, kí ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó gbéra, kí ẹnì kan pe ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ní Adó tàbí ní Ìdó, kí ó béèrè bóyá oògùn wà àti èyí tí ó jẹ́. Inú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí díẹ̀díẹ̀, ó sì lè bá ara ẹlòmíràn jà, nítorí èyí ni kò fi ṣeé lò nílé. Bí wọ́n bá fún ọmọdé ní iye kan náà bí àgbà, kí ìyá rẹ̀ má ṣe bínú: oró tí ejò tu sí ọmọ kò kéré sí èyí tí ì bá tu sí bàbá rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọn yóò gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án, láti mọ̀ bóyá yóò dì. Bí ó bá tilẹ̀ dì nígbà àkọ́kọ́, tí ẹsẹ̀ kò sì wú, kí ẹbí má ṣe gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ọjọ́ kan tó pé, nítorí pé àwọn àmì oró bí ìpéǹpéjú tí ń wó àti èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ lè pẹ́ kí wọ́n tó fara hàn.