Bí a ṣe gun Mam Tor, tí a sì gba ojú títì tó wó padà

Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè tí kò ní gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ ó sì rí nǹkan tó dùn-ún wò, Mam Tor ni kí ẹ lọ. Derbyshire ló wà, láàrin Manchester àti Sheffield, nínú Peak District, ọgbà orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dún 1951. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 517, àmọ́ ọkọ̀ ló máa bá yín gun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí Mam Nick ti wà lókè gan-an. Àárọ̀ kùtù ni èmi àti ìyàwó mi dé. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ kì í ráyè gbé ọkọ̀ sí.

Àtẹ̀gùn la kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ́ títí dé ṣóńṣó. Ìyàwó mi dúró kó lè mí, ó ní ṣebí mo ní òkè kékeré ni. Ká tó parí àríyànjiyàn yẹn, a ti débẹ̀.

Afẹ́fẹ́ orí òkè náà le. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání, ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ. Àwọn ará àtijọ́ ti tẹ̀dó síbẹ̀ rí, odi àti yàrà wọn ṣì hàn lábẹ́ koríko. Níhà àríwá, àfonífojì Edale ló tẹ́ rẹrẹ, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba inú rẹ̀ kọjá, Kinder Scout sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí Kinder yẹn làwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester rìn lọ tipátipá lọ́dún 1932, nígbà táwọn onílẹ̀ ò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù débẹ̀. Wọ́n ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ní ìhà kejì, abúlé Castleton lẹ máa rí, àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Hope. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ náà ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́. Èmi ò bá wọn lóhùn sí i; ibi táwọn èèyàn ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni.

A tọ orí òkè náà lọ dé ibi tí wọ́n ń pè ní Hollins Cross, a yà sápá ọ̀tún, a sọ̀kalẹ̀ láàrin àwọn àgùntàn. (Géètì tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í.)

Ibi tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an ló kàn: ojú títì tó wó. Amọ̀ líle tó máa ń fọ́ wà nínú òkè náà, bómi òjò bá ti wọnú rẹ̀, á máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Òkè Tó Ń Gbọ̀n. Wọ́n la títì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń tún un ṣe, ó ń wó, títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 1979. Níbi tó ti ya, ẹ óò rí ọ̀dà lórí ọ̀dà, ìpele lórí ìpele, gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe lásán. Ilà funfun ṣì wà lójú títì náà. Ó dé etí kòtò, ó já. A pẹ́ níbẹ̀ ju orí òkè lọ.

Lẹ́yìn ihò inú òkè tí wọ́n ń pè ní Blue John, ọ̀nà tún gun òkè padà sídìí ọkọ̀. Gbogbo ìrìn náà ò ju bí máìlì mẹ́ta lọ.

Nítorí kí kẹ̀kẹ́ ẹrù má baà gba Winnats Pass, ọ̀nà àárín òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni wọ́n ṣe la títì tó wó yẹn. Winnats náà ni ọkọ̀ padà ń gbà báyìí. Jíà kìíní ni mo fi sọ̀ ọ́ dé Castleton.