Bí mo ṣe to gbèdéke kọntéénà koko láti Àkúrẹ́ dé Èkó

Kọntéénà ẹsẹ̀ bàtà 20 kan, àpò koko 200 nínú rẹ̀, ni mo kó jáde láti Àkúrẹ́ lọ sí Amsterdam. Àwa tó ń ta koko ní ìpínlẹ̀ Òǹdó mọ koko dáadáa; ọjọ́ àti wákàtí ọkọ̀ òkun ni kò yé wa tó, ibẹ̀ sì ni èrè máa ń gbà lọ.

Nígbà tí ìwé booking, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé àyè wà fún ẹrù mi nínú ọkọ̀ òkun, tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣíkọ̀ kọ́ ni mo wò. Ti ọ̀gá ọkọ̀ nìyẹn. Àkókò mẹ́rin ló kan ẹni tó lẹrù: ọjọ́ tí èbúté máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọntéénà fún ọkọ̀ náà; wákàtí tí SI máa parí, ìyẹn ìwé tí à ń kọ ohun tó máa wà lórí bill of lading (ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ ti gba ẹrù) sí; wákàtí tí VGM máa parí, ìyẹn àpapọ̀ ìwọ̀n kọntéénà àti ẹrù inú rẹ̀; àti wákàtí tí wọ́n máa ti géètì. Bí ọkọ̀ bá máa ṣí ní Àbámẹ́ta, wọ́n lè ti géètì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kí VGM parí ní Ọjọ́rú, kí SI sì ti parí láti Ìṣẹ́gun. Ìwé ló ń ṣáájú ẹrù. Ó nídìí: òfin Yúróòpù ní kí ìròyìn ẹrù dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọn, ó pẹ́ tán, wákàtí 24 kí wọ́n tó gbé kọntéénà sínú ọkọ̀ ní Èkó. Bí SI bá pẹ́, kọntéénà á wà ní èbúté, ọkọ̀ á sì fi í sílẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà kọntéénà àti ti síìlì tí a fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú SI. Nítorí náà, mo ka ọjọ́ padà sẹ́yìn: kí a di ẹrù tán, kí a sì ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ Ajé. Kó tó dìgbà náà, oògùn phosphine tó ń pa kòkòrò gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára àwọn àpò náà lábẹ́ tapólìnì. Mo fi ọjọ́ 7 sílẹ̀ fún un, mo sì fi àyè kún un kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Koko tí omi inú rẹ̀ ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò wọlé rárá. Fọ́ọ̀mù NXP láti báńkì, tí à ń fi forúkọ ẹrù tó ń lọ sókè òkun sílẹ̀, owó NESS tí ìjọba ń gbà lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹrù, àti ìwé ẹ̀rí àwọn NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò, mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ tí booking jáde. Àwọn aṣàyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí ẹrù kí a tó ti ilẹ̀kùn, wọn kì í sì í dé lọ́jọ́ tí a bá pè wọ́n.

Mi ò lọ gbé kọntéénà òfìfo títí gbogbo èyí fi parí. Láti ọjọ́ tí ó bá ti kúrò ní ọgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni ọjọ́ ọ̀fẹ́ ti ń lọ. Bí ó bá tán, owó detention, ìyẹn owó ìtanràn bí kọntéénà bá pẹ́ lọ́wọ́ wa, bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé, mo wọ inú rẹ̀, mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé níbi kankan. Ihò abẹ́rẹ́ tó omi láti ba àpò jẹ́. A fi bébà kraft bo ara ògiri, a gbé àpò tó ń fa omi kọ́, torí koko máa ń làágùn bí ọkọ̀ bá dé agbègbè òtútù.

VGM ti di dandan láti oṣù Keje ọdún 2016. Mo fi ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí wọn àwọn àpò: 200 ní kílò 63.5 jẹ́ 12,700. Bébà àti àpò afami 60. Kọntéénà fúnra rẹ̀ 2,230. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 14,990. Ara ilẹ̀kùn kọntéénà náà gan-an ni kí ẹ ti ka 2,230 yẹn. Ti èyí tó kọjá lè yàtọ̀. Ẹ tún wo nọ́ńbà rẹ̀: lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà méje. Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń yẹ àwọn tó kù wò, nítorí náà bí ẹ bá ṣì í kọ, kọ̀ǹpútà wọn á kọ̀ ọ́.

Ọ̀nà Òǹdó, Òrè, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kọ́ ló ń dá tírélà dúró jù, Àpápá ni. Tírélà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí Ètò, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó dúró ní páàkì títí wọn á fi pè é. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi sílẹ̀ fún èyí. Kí ó má sì yá jù: bí ó bá dé kí èbúté tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n gba owó ìpamọ́, dírẹ́bà náà á sì gba owó ìdúró.

Gbèdéke máa ń sún, síwájú tàbí sẹ́yìn, bí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí tó bá yá. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bi ejẹ́ńtì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, mo sì ń gbà á ní àkọsílẹ̀. Bí oníbàárà bá fi LC sanwó, ìyẹn ìwé tí báńkì rẹ̀ fi ṣèlérí láti sanwó bí ìwé ẹrù bá pé, ọjọ́ tí bill of lading sọ pé ẹrù wọ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tí LC dá. Bí LC kò bá sọ nǹkan mìíràn, ọjọ́ 21 ni ẹ ní láti kó ìwé dé báńkì. Láti ọjọ́ bill of lading náà ni wọ́n ń ka ọjọ́ 180 tí owó ẹrù fi gbọ́dọ̀ wọlé sí Nàìjíríà, kí báńkì tó lè ti NXP yẹn pa.