Bí Òṣìṣẹ́ Olówó-Oṣù ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ìlànà Owó Ófátáìmù Dúró Sí

Bí ìròyìn bá ti jáde pé àwọn aṣòfin ní Washington fẹ́ wọ́gi lé ìlànà owó ófátáìmù fún àwọn tó ń gba owó oṣù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń gbà lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àwọn ti lọ nìyẹn, àwọn agbanisíṣẹ́ kan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé òfin tuntun ti dé. Ẹ má ṣe gba bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Ọ̀nà jìn láti orí àbá tí aṣòfin kan gbé kalẹ̀ dé orí òfin, ọ̀pọ̀ àbá ni kì í sì í dé òpin ọ̀nà náà. Ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ mọ irú ìwé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tó dé, àti ohun tí òfin tó wà nílẹ̀ lónìí sọ nípa iṣẹ́ tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Fair Labor Standards Act, èyí tó ti wà láti ọdún 1938, ló sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé. Òfin náà yọ àwọn ọ̀gá, àwọn alákòóso àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè ka ènìyàn mọ́ àwọn wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gbọ́dọ̀ pé. Owó tí wọ́n ń san fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan pàtó tí wọn kì í gé nítorí pé iṣẹ́ kéré tàbí pé kò dára tó. Iye náà gbọ́dọ̀ tó òdiwọ̀n tí ìjọba fi lélẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá, ti alákòóso tàbí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Nítorí náà, irọ́ gbáà ni pé ẹni tó bá ti ń gba owó oṣù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ófátáìmù. Lójú tèmi, irọ́ yìí léwu fún òṣìṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ àbá òfin lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń dìbò lé e lórí kó tó ṣiṣẹ́.

Òdiwọ̀n owó yẹn ni ìjà máa ń dá lé. Kì í ṣe Ilé Aṣòfin ló ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Dọ́là 455 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi sí ní ọdún 2004. Ìjọba Obama fẹ́ sọ ọ́ di dọ́là 913 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ṣùgbọ́n adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Texas dá a dúró nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ó di dọ́là 684. Ìjọba Biden gbé e sí 844 ní oṣù Keje ọdún 2024, tí ì bá sì di 1,128 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àfi bí ilé ẹjọ́ kan ní Texas tún ṣe fagi lé ìlànà náà káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bó ṣe padà sí 684 nìyẹn, èyí tí í ṣe dọ́là 35,568 lọ́dún.

Ẹ kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ ló pa ìlànà méjèèjì, kì í ṣe àwọn aṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣòfin gbìyànjú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, àwọn aṣòfin bíi Tim Scott àti Tim Walberg gbé àbá kan kalẹ̀ láti dá ìlànà ti Obama dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi ìbò 246 sí 177 fọwọ́ sí àbá mìíràn tí yóò sún un síwájú fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò di òfin. Ẹni tó bá ka àkọlé ìwé ìròyìn nìkan ní ọjọ́ ìbò yẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé náà kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H.R. tàbí S. nìkan, àbá òfin lásán ni: ó gbọ́dọ̀ la ilé méjèèjì kọjá, ó sábà máa ń nílò ìbò 60 ní Ilé Aṣòfin Àgbà kí wọ́n tó lè dẹ́kun àríyànjiyàn lórí rẹ̀, Ààrẹ sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H.J.Res. tàbí S.J.Res., ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé ó lè jẹ́ ìpinnu àtakò lábẹ́ òfin Congressional Review Act ti ọdún 1996, èyí tó fún àwọn aṣòfin láyè láti fagi lé ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba gbé jáde. Irú ìpinnu yìí kò nílò ju kí àwọn tó fọwọ́ sí i pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ ní Ilé Aṣòfin Àgbà, bí wọ́n bá gbé e wá láàárín àkókò tí òfin fàyè gbà, bí Ààrẹ bá sì ti buwọ́ lù ú, iléeṣẹ́ ìjọba kò tún lè gbé ìlànà tó jọ ti àtẹ̀yìnwá jáde àfi tí òfin tuntun bá gbà á láyè. Ọgbẹ́ tí èyí ń dá sílẹ̀ kì í tètè jinná, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ jù.

Ẹ wọ Congress.gov, ìkànnì Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí i, kí ẹ sì wo ìlà tó ń fi ibi tí ìwé dé hàn. Títí tí yóò fi hàn níbẹ̀ pé ó ti di òfin, kò tíì yí nǹkan kan padà níbi iṣẹ́ yín. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, àkókò tó dára jù láti pe ọ́fíìsì aṣojú yín nìyẹn. Ẹ sọ nọ́ńbà ìwé náà, agbègbè tí ẹ ń gbé, iye wákàtí tí ẹ ń ṣe àti iye tí ẹ ń gbà.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ara yín. Ẹ pín owó ọdún yín sí 52. Bí ohun tó jáde kò bá tó 684, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, orúkọ oyè kò lè gba ófátáìmù lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tó ń gba dọ́là 650 lọ́sẹ̀ fún wákàtí 40, ṣùgbọ́n tó ṣe 50. Dọ́là 16.25 ni wákàtí rẹ̀, wákàtí ófátáìmù rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 24 àti sẹ́ǹtì 37 àti ààbọ̀. Fún wákàtí mẹ́wàá, dọ́là 243.75 ni wọ́n jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí owó yín bá ju òdiwọ̀n lọ, ẹ ṣì wo iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní igbákejì ọ̀gá, tó jẹ́ pé kíkó ọjà sórí pẹpẹ àti gbígba owó lọ́wọ́ oníbàárà ni iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá lójú òfin.

Ẹ tún wo òfin ìpínlẹ̀ yín. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi California, New York, Washington àti Colorado ní òdiwọ̀n tiwọn tó ga ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Ti California jẹ́ dọ́là 68,640 fún ọdún 2025. Kì í ṣe pé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ṣubú ni àwọn wọ̀nyí náà ṣubú.

Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ parí sílẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé owó oṣù yín. Bí wọ́n bá jẹ yín lówó, ẹ lè fi ẹjọ́ sun Wage and Hour Division, ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tàbí kí ẹ gba agbẹjọ́rò, òfin sì ka gbígbẹ̀san lára ẹni tó fẹjọ́ sùn léèwọ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ lè padà sí láti gba owó náà, tàbí mẹ́ta bí ó bá hàn pé agbanisíṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, ọdún náà sì ń lọ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́.