Ẹ Má Da Nǹkan Sí Ewúrẹ́ Aláìsàn Lọ́fun

Ẹ̀yin olósìn, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so ẹran tàbí bí wọ́n ṣe ń gbá ilé ẹran. Ìgò la fẹ́ bá yín sọ. Ẹran kọ oúnjẹ láàárọ̀; kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti di ẹnu rẹ̀ mú, ẹlòmíràn ti gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n ti da epo pupa, ògì tàbí àgbo sí i lọ́fun. Bó bá kú lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á ní àìsàn ló pa á. Nígbà mìíràn, ìgò ni. Ohun tí a dà tipátipá lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, epo tó bá sì débẹ̀, kò sí ẹni tó lè fà á jáde.

Ẹran tó kọ oúnjẹ kò ṣe agídí. Bí kòkòrò àìsàn bá ti wọ ara, àwọn ọmọ ogun ara á tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, ìròyìn á dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí ara gbóná, kí oúnjẹ má wù ú, kó dùbúlẹ̀, kó kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jí nínú ọpọlọ eku. Ara eku náà gbóná, ó ń wá ibi tó móoru, oúnjẹ ò sì wù ú bíi tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kankan ò sí lára rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà bákan náà, ti fi oúnjẹ dán eku wò ní 2016. Èyí tí bakitéríà Listeria ń bá jà, tí wọ́n fún lóúnjẹ tipátipá, ikú ló yọrí sí. Èyí tó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì inflúẹ́ńsà ló ń bá a jà, oúnjẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè wo ojú ewúrẹ́ kó mọ èyí tó ń ṣe é nínú méjèèjì, kó máa gbé ìgò rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí oòrùn tó mú, ẹ ki tẹmọ́mítà bọ ihò ìdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. 38.5 sí 40°C dára. Bó bá ju 40 lọ, ibà ni. Bó bá ju 41 lọ, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi tí òun àti ẹran mìíràn ò ti ní lè fi imú kanra, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, kó sì jẹ́ òun lẹ máa fún lóúnjẹ gbẹ̀yìn.

Ẹ po lítà 1 omi mímọ́ pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ẹnu ṣíbí tẹ́jú. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán, kó fẹnu ara rẹ̀ mu ún. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Ewé ìyeyè tútù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò sí èèpo ẹ̀gẹ́, kò sí àgbàdo, títí yóò fi máa jẹ àpọ̀jẹ.

Bí wákàtí 24 bá kọjá tí kò jẹ tí kò mu, ẹ pe dókítà. Ẹ má dúró tó bẹ́ẹ̀ bí imú rẹ̀ bá ń dà, tí ẹnu rẹ̀ ní egbò, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Kata nìyẹn, tí àwọn dókítà ń pè ní PPR. Ẹ má dúró bákan náà fún èyí tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wú bí ìlù. Abo tó fẹ́ bímọ náà máa ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má lọ fi ìyẹn da ara yín láàmú. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn ẹnu, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí imú rẹ̀ má ga ju ojú rẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kata wà. Nigeria 75/1 ni wọ́n ń pè é, láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí níbí ní 1975. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ó, wọ́n sì ń ṣe é ní Vom nítòsí Jos. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹran bá gbà á, á dáàbò bò ó fún ọdún 3, ó kéré tán. Síbẹ̀, ìgbà tí ọ̀yẹ́ bá ti dé, tí ẹran ti ń wúkọ́, la máa ń rí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Kí ọ̀yẹ́ tó dé ni kẹ́ ẹ gbà á, fún gbogbo èyí tó ti pé oṣù 4. Ẹran tí ẹ bá sì rà lọ́jà, ọjọ́ 21 ni kó fi dá wà kó tó dara pọ̀ mọ́ tilé, ì báà ṣe ẹran ọdún.