Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Dátábéèsì Lọ́wọ́ Àkúnwọ́sílẹ̀ Mẹ́mórì
Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú dátábéèsì (àkójọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà) ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ẹ kọ́kọ́ fi àtúnṣe tuntun sí sọ́fítíwíà yín. Bí sọ́fítíwíà kò bá wọn gígùn ọ̀rọ̀ tó wọlé, ọ̀rọ̀ náà yóò kún kọjá àyè rẹ̀ nínú mẹ́mórì, yóò sì bo ibi tí kọ̀ǹpútà ń wò láti mọ iṣẹ́ tó kàn, olè á wá fi àṣẹ tirẹ̀ rọ́pò. Báyìí ni Slammer, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀, báìtì 376 péré, ṣe gba pọ́ọ̀tù UDP 1434 (ẹnu ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà wọ kọ̀ǹpútà) wọ SQL Server 2000, sọ́fítíwíà dátábéèsì ti Microsoft, ní oṣù Kìíní ọdún 2003, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ti wà nílẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2002. Ẹ ti irú pọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ìwé owó àjọ ń wá níta gbangba?