Bí a ṣe ń mọ Cognac gidi kí a tó sanwó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wá ra ọtí ìdáná lọ́dọ̀ mi ní Wándò, ẹ má kàn pe "kọ́nyákì" kí ẹ sì nawọ́ sí ìgò tí ó bá ṣáà ti dúdú. Orúkọ ìlú ni Cognac, lẹ́bàá odò Charente ní Faransé. Ọtí tí wọ́n bá fi àjàrà agbègbè yẹn pọn nìkan ni òfin gbà láyè kó jẹ́ orúkọ yẹn. Láti 1909 ni ìjọba wọn ti pààlà ilẹ̀ náà.

Nítorí náà, orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára ìgò. Tó bá jẹ́ "brandy" nìkan lẹ rí, ó lè ti ibikíbi wá, ìbáà ya àwòrán Napoléon sí i. Àwọn ará Holland ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: brandewijn, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi iná sun. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú bí a ṣe ń fi ẹmu ṣe sódábì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni ará Cognac ń sè é nínú ìkòkò bàbà, kó tó wọ àgbá igi oákù. Sódábì tiwa kì í ní sùúrù tó yẹn.

Armagnac ńkọ́? Brandy ilẹ̀ Gascogne nìyẹn, ní Faransé kan náà. Ọtí gidi ni, ẹ rà á láìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo lẹ́tà. VS (Very Special): èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn ọtí tí wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀ ti lo ọdún 2 nínú àgbá. VSOP (Very Superior Old Pale): ọdún 4. XO (Extra Old): ọdún 10 láti 2018, ọdún 6 ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ń rà á jù láyé ọjọ́un. "Fine Champagne" kì í sì í ṣe ọtí tó ń hó o. Orúkọ ilẹ̀ ni Champagne yẹn, ní Cognac níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní ìgò òun ti wà ní yàrá bàbá òun fún ogún ọdún, ẹ má fi owó kún un. Inú àgbá ni Cognac ti ń dàgbà. Tó bá ti wọ ìgò, ó parí.

Fún ìdáná, VS tó, pàápàá tí wọn yóò bá ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ẹni tó bá ń fẹ́ XO, kó sọ fún mi kí ọjọ́ ọjà tó pé, torí n kì í kó o pamọ́.