Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ohùn Àfáà dé etí àwọn àgbà níbi wáàsí

Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà gan-an níbi wòlímọ̀ kan n'Ílọrin, nígbà tá a délé mo bi wọ́n pé kí ni Àfáà sọ, wọ́n ní ariwo làwọn ń gbọ́, àwọn ò mú ọ̀rọ̀ kankan. Sípíkà yẹn ké débi pé àwọn ọmọdé ń di etí o! Etí tó ti ń dàgbà ò fẹ́ ariwo sí i, ó fẹ́ kí ohùn tó wọ máìkì wá bá a tààrà, láìgba àárín jẹnẹrétọ̀ àti èrò kọjá.

Ohun tó ń ṣe é ni Auracast. Bluetooth náà ni, 2022 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn, àmọ́ bíi rédíò ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá wà nítòsí tó ní nǹkan tó lè gbà á á gbọ́, wọn ì báà jẹ́ 5 tàbí 500.

Ẹ wá transmitter ẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe rèé: wọn a gbé máìkì síwájú sípíkà, ariwo yẹn náà ni wọ́n ń gbé lọ fún ìyá àgbà. Ẹ ní kí bọ̀bọ́ tó ń ṣe sound fún yín ní aux látara míksà, ìyẹn ihò tí ohùn ń gbà jáde lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà so ó mọ́ transmitter. Pre-fader ni kó fi í sí, ìyẹn ni pé bọ́tìnnì sípíkà ò ní kàn án, tó bá tún rẹ sípíkà sílẹ̀ tàwọn àgbà ò ní lọ sílẹ̀. Máìkì Àfáà àti ti ẹni tó ń tọ́ ètò ni kó wọ ibẹ̀, ìlù kékeré tó.

Ẹ so transmitter yẹn mọ́ òkè òpó kánópì torí ara èèyàn máa ń dí Bluetooth lọ́nà. Ẹ máa gbọ́ ọ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn dé kánópì ìkẹyìn kí èrò tó dé, ẹ tún rìn ín nígbà tí ibẹ̀ bá kún, ẹ ó rí i pé kò rí bákan náà. Pápá ńlá bíi ti ọjọ́ ìlú l'Ọ́fà, ẹyọ kan lè má tó. Ẹ fi powerbank gbè é, iná wa la mọ̀.

Fóònù Samsung àti Pixel tuntun kan lè bá íápíìsì Bluetooth tó mọ Auracast wá a rí, àwọn hearing aid (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí láti gbọ́ràn) tuntun kan náà ń gbà á, àmọ́ mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ní in? Ẹ ra receiver (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn) kékeré bíi mẹ́wàá tó ń gba íápíìsì oníwáyà, ẹ chàájì ẹ̀ lálẹ́ àná ẹ̀. Ẹni tí hearing aid ẹ̀ ní T (telecoil, wáyà kékeré inú ẹ̀ tó ń gba ohùn tààrà), neckloop, ìyẹn okùn tí wọ́n ń so mọ́ receiver, ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ lọ́rùn. Wáàsí gbangba ò nílò password.

Ẹlòmíì á ní FM kékeré ló dín owó kù, òótọ́ ni, rédíò wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àmọ́ ẹ bi NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ tó tàn án, ẹ má lọ jókòó sórí Unilorin FM 89.3 o.

Jọ̀ọ́, ẹ má kọ "adití" sára tábìlì. Kò síyàá tó máa dìde lójú èrò pé etí òun ò gbọ́! Ẹ jẹ́ kí ọmọọmọ wọn lọ fi íápíìsì sí wọn létí níbi tí wọ́n jókòó, kí olótùú sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, ẹ ka iye receiver tó padà, ẹ nu íápíìsì ọ̀hún mọ́.